Ọkọ̀ Tó Le, Ọkọ̀ Tó Rọ̀: Kí Ló Ń Mi Ara Wa Jìgìjìgì Láti Ìkòtún dé Ìgàndò?

Ẹ̀kọ́ físíìsì la fẹ́ ṣe lónìí, àmọ́ orí títì Alímọ̀ṣọ́ la ti máa kọ́ ọ.

Ẹnìkan á tu owó jọ fún ọdún mẹ́rin, á ra BMW 3 Series tòkunbọ̀, tàbí Mercedes C-Class, tàbí Lexus IS. Ọkọ̀ gidi ni. Ó dán, ó lágbára, awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó ẹ̀. Kò tíì wà á láti Ìkòtún dé Ìgàndò tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ọkọ̀ yìí mà le o! Ṣé kì í ṣe Camry tí mo tà ló sàn jù báyìí?" Mẹkáníìkì á ní ṣọ́ọ̀kì ló ti kú. Wọ́n á ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, owó á lọ, ọkọ̀ á ṣì le bó ṣe le tẹ́lẹ̀. Nígbà míì, á tún le sí i.

Kí ló fà á? Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe nǹkan mẹ́rin. Tá a bá ní ọkọ̀ "le", ó lè jẹ́ sípíríǹgì ló le, ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, ó lè jẹ́ táyà, ó sì lè jẹ́ àwọn rọ́bà kéékèèké tí mẹkáníìkì ń pè ní bushing. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní irú ojú ọ̀nà tó ń bá a wí. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ń yọ òun lẹ́nu, owó ló máa fi ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ìgbádùn lọ: àwọn nǹkan yìí kan náà ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ yín máa dúró nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì.

Iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn jà

Suspension ni gbogbo ohun tó so ara ọkọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Iṣẹ́ méjì ló ní. Àkọ́kọ́, kó jẹ́ kí táyà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nígbà gbogbo, torí pé ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ti lè rí ilẹ̀ dì mú láti sáré, láti yà, tàbí láti dúró. Ìkejì, kó má jẹ́ kí gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà dé ìdí ẹni tó jókòó.

Iṣẹ́ méjèèjì kì í fẹ́ nǹkan kan náà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ bíi 3 Series ń ro ọ̀nà Autobahn ní Jámánì, níbi tí kò ti sí òdiwọ̀n eré ní ọ̀pọ̀ ibi. Lórí eré 180, ọkọ̀ tó bá rọ̀ jù á máa léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà, imú ẹ̀ á sì forí balẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Nítorí náà, wọ́n mú kó le.

Ẹ wá fi wé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975. Ẹ bi àwọn bàbá wa léèrè. Sípíríǹgì ẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ láyè láti lọ sókè sódò dáadáa, ríìmù ẹ̀ sì jẹ́ 14, torí náà rọ́bà ló pọ̀ lára táyà ẹ̀. Ó máa ń fì ní kọ́nà, ṣùgbọ́n kòtò kì í bà á lẹ́rù. Kì í ṣe pé ará Faransé gbọ́n ju ará Jámánì lọ. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń rò ló yàtọ̀.

Sípíríǹgì: ẹni tó ń ru ẹrù

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, kò le. Ká ní igun kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ wa ru kílò 400. Sípíríǹgì A rọ̀: kó tó wọlé ní mílímítà 1, ẹ máa fi agbára Newton 20 tẹ̀ ẹ́, ìyẹn bí ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan kílò 2 lé e lórí. Sípíríǹgì B le tó ìlọ́po méjì ẹ̀: Newton 40 fún mílímítà 1.

Tá a bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tá a sì jù ú sílẹ̀, á jó lọ sókè, á jó wá sílẹ̀. Iye ìgbà tó bá jó bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan la ń fi Hz wọ̀n. Bá a ṣe ń wá a rèé: ẹ fi ìwúwo pín líle sípíríǹgì, ẹ wá square root ohun tó bá jáde, kẹ́ ẹ wá fi 6.28 pín in.

Sípíríǹgì A: 20,000 ÷ 400 = 50. Square root 50 jẹ́ 7.07. 7.07 ÷ 6.28 = 1.1 Hz.

Sípíríǹgì B: 40,000 ÷ 400 = 100. Square root 100 jẹ́ 10. 10 ÷ 6.28 = 1.6 Hz.

(Ẹ rí i pé 20 di 20,000? Mítà la fi ń ṣírò, mílímítà 1,000 ló sì wà nínú mítà kan.)

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Líle di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n jíjó ò di ìlọ́po méjì; 1.1 ló di 1.6. Ìkejì ni pé ẹni tó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ máa ń gbẹ́sẹ̀ bí ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mímì tí kò bá yára ju ìyẹn lọ, ara wa ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tá a ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ìdílé sábà máa ń wà láàárín 1 sí 1.5 Hz, ọkọ̀ sport lè sún mọ́ 2. Nítorí náà, jíjó sípíríǹgì fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń mú kí eyín yín máa lura wọn. Nǹkan míì wà níbẹ̀.

Ibi tí ara èèyàn kò ti gba mímì

Àjọ ISO, tó ń ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo àgbáyé, ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ISO 2631-1, tó jáde lọ́dún 1997. Ó dá lórí bí mímì ṣe ń kan ara èèyàn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe sọ, tá a bá jókòó tí nǹkan sì ń mì wá sókè sódò, láàárín 4 sí 8 Hz ló ti máa ń dun ara wa jù. Tí ìdí ìjókòó bá ń mì nígbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá, ikùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jó, á sì rẹ èèyàn kíákíá.

Ó wá ku ká mọ iye ìgbà tí ojú ọ̀nà ń lù wá. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn: ẹ fi àlàfo tó wà láàárín kòtò kan sí èkejì pín eré ọkọ̀. Eré 18 lórí kílọ́ọ̀kì jẹ́ mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

- Nínú àdúgbò ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún, eré 18, kòtò kéékèèké tó jìnnà síra ní mítà 1: 5 ÷ 1 = 5 Hz. Àárín gbùngbùn ibi tí ara ò ti gba mímì gan-an nìyẹn.
- Eré 18 kan náà, àmọ́ gálọ́ọ̀pù ńlá tó jìnnà síra ní mítà 5: 5 ÷ 5 = 1 Hz. Ibí yìí ni ọkọ̀ tó ní sípíríǹgì A ti máa jó jù, torí pé ó bá jíjó tirẹ̀ mu.
- Ibi tó dán lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrí, eré 72, ìyẹn mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ojú ọ̀nà rọra ga tó sì rọra lọ sílẹ̀ ní mítà 20 síra: 20 ÷ 20 = 1 Hz.

Ṣé ẹ ti ń rí i? Ọkọ̀ tó le á fọkàn balẹ̀ lójú ọ̀nà LASU níbi tí ọkọ̀ tó rọ̀ ti ń léfòó. Tí wọ́n bá wá yà wọnú àdúgbò, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n Hz ti yí.

Ṣọ́ọ̀kì: ọ̀rẹ́ níhìn-ín, ọ̀tá lọ́hùn-ún

Sípíríǹgì kì í pa agbára, ó kàn ń tọ́jú ẹ̀ ni. Kòtò tẹ̀ ẹ́, á dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì ló ń pa á: ó ń fi tipátipá ti ọ́ìlì gba ihò kéékèèké kọjá, agbára jíjó yẹn á sì di ooru. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn àjò ojú ọ̀nà burúkú.

Mo ṣírò ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwòṣe tó rọrùn jù: ìwúwo kan, sípíríǹgì kan, ṣọ́ọ̀kì kan, ká fojú fo táyà ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe fúnra yín, damping ratio tí mo lò ni 0.05 fún ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, 0.25 fún èyí tó rọ̀, àti 0.4 fún èyí tó le. Ká wo ọkọ̀ A lórí gálọ́ọ̀pù tó bá jíjó ẹ̀ mu, tí gálọ́ọ̀pù náà sì ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró:

- Ṣọ́ọ̀kì tó le: ara ọkọ̀ á jó tó ìlọ́po 1.6 ohun tí ojú ọ̀nà ṣe.
- Ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀: ìlọ́po 2.2.
- Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú: ìlọ́po 10.

Níbí, ṣọ́ọ̀kì tó le ni ọ̀rẹ́ wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wọ inú kòtò 5 Hz ti àdúgbò. Nínú 100 tí ojú ọ̀nà bá fún wa, èyí tó máa dé ara ọkọ̀ nìyí:

- Sípíríǹgì A, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú: 6.
- Sípíríǹgì A, ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀: 13.
- Sípíríǹgì A, ṣọ́ọ̀kì tó le: 19.
- Sípíríǹgì B, ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀: 21.
- Sípíríǹgì B, ṣọ́ọ̀kì tó le: 29.

Nǹkan ti dorí kodò! Ọkọ̀ sport tó ní sípíríǹgì B àti ṣọ́ọ̀kì tó le ń jẹ́ kí ohun tó ju ìlọ́po méjì ti ọkọ̀ tó rọ̀ wọlé. Ṣọ́ọ̀kì tó ń gbà wá lọ́wọ́ gálọ́ọ̀pù náà ló ń gbé kòtò kéékèèké wọlé bá wa. Bí ìlù bá ti ń yára, ṣọ́ọ̀kì ò ní ráyè tẹ̀ mọ́. Á wá dà bí igi tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ tún wo 6 yẹn dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú lè jẹ́ kí ọkọ̀ dà bíi pé ó rọ̀ nínú àdúgbò, ẹni tó fẹ́ rà á á sì máa yìn ín. Ṣùgbọ́n táyà àti ríìmù náà ní jíjó tiwọn. Ẹsẹ̀ tó wúwo tó kílò 40, lórí táyà tí líle ẹ̀ tó Newton 200 fún mílímítà 1, máa jó ní nǹkan bíi 12 Hz. Tẹ́ ẹ bá gba orí kòtò tó jìnnà síra ní mítà 1 pẹ̀lú eré 36, 10 Hz nìyẹn, ó ti sún mọ́ ọn. Tí kò bá sí ṣọ́ọ̀kì tó ń dá a lẹ́kun, táyà á máa fò kúrò nílẹ̀. Táyà tó wà lófuurufú ò lè dá ọkọ̀ dúró. Ẹ fi òjò kún un, kẹ́ ẹ fi ọlọ́kadà tó já gba iwájú yín kún un.

Táyà ni sípíríǹgì àkọ́kọ́

Ká wá mú táyà tá a fojú fò padà wá. Lórí eré 36, ọkọ̀ máa ń kọjá lórí kòtò tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí kòtò tó mú bí ọ̀bẹ yẹn, táyà ló ń kọ́kọ́ pàdé ẹ̀, kó tó kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ lọ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yín. Nínú 225/45R18, 225 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà, 45 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 18 sì ni ríìmù. Ẹ wo àwọn táyà tó ń bọ́ sára BMW 3 Series ti nǹkan bí ọdún 2012 sí 2018:

- 205/60R16: rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀ jẹ́ mílímítà 123.
- 225/50R17: mílímítà 112.
- 225/45R18: mílímítà 101.
- 225/40R19: mílímítà 90.

Gíga táyà lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú gbogbo wọn, láàárín mílímítà 652 sí 663. Bí ríìmù bá ti ń tóbi, rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ló ń dín kù. Láti 16 dé 19, mílímítà 33 tìmùtìmù ti lọ. Ríìmù 19 rẹwà, kò sẹ́ni tó máa jiyàn, ṣùgbọ́n tó bá já sí kòtò, irin ló fẹ́ fi gbà á. Níbẹ̀ ni ríìmù ti ń tẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ táyà sì ń yọ gẹ̀gẹ̀.

Nǹkan míì tún wà. Ọ̀pọ̀ BMW ìgbà yẹn ló wá pẹ̀lú táyà run-flat, èyí tí wọ́n fi rọ́bà líle kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè máa rìn fún ìgbà díẹ̀ tó bá jò. Nítorí ẹ̀, wọn ò fi sípéà sínú ọkọ̀. Líle tí wọ́n kún un yẹn, ìdí yín ló ń san owó ẹ̀. Ẹni tó bá fi táyà lásán rọ́pò ẹ̀ máa rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kó rántí pé kò sí sípéà nínú bùútù o. Kó wá ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ńkọ́? Ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ló mọ iye tí ọkọ̀ fẹ́. Tó bá ní 32, tí fọkanáísà sì fún un ní 40, ẹ ti fi owó yín ra líle. Ẹ má sì ní kó jẹ́ 22 torí kó lè rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká, á gbóná, ó sì lè bẹ́ lórí eré.

Bọ́tìnì "Comfort" kì í ṣe idán

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Lọ́dún 1955, Citroën gbé DS jáde, ọkọ̀ tó ń lo gáàsì àti ọ́ìlì dípò sípíríǹgì irin. Lọ́dún 2002, Cadillac gbé ṣọ́ọ̀kì tí ọ́ìlì inú ẹ̀ ń ki nígbà tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá kàn án jáde. Mercedes C-Class tó jáde lọ́dún 2014 ṣeé rà pẹ̀lú AIRMATIC, tó ń lo àpò afẹ́fẹ́. Àwọn 3 Series àti Lexus IS kan náà ní ṣọ́ọ̀kì tí kọ̀ǹpútà ń yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí bọ́tìnì ń ṣe. Nínú ọkọ̀ tó ní sípíríǹgì irin, tẹ́ ẹ bá tẹ "Comfort", ṣọ́ọ̀kì nìkan ló rọ̀. Nínú ìṣirò wa, ẹ ti kúrò ní 29 ẹ bọ́ sí 21. Ẹ ò dé 13, torí pé sípíríǹgì B ṣì wà níbẹ̀. Táyà 19 yín kò sì gbọ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnì kankan. Ní ti àpò afẹ́fẹ́, ó dùn púpọ̀, àmọ́ rọ́bà ni, rọ́bà sì máa ń gbó. Àtúnṣe ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ̀nà ká kàn sọ pé "Benz rọ̀, BMW le." C-Class tó wọ ríìmù 19 pẹ̀lú suspension sport lè le ju 3 Series tó wọ ríìmù 17 lásán lọ. Lexus pàápàá: ES, ìtura ni wọ́n ṣe é fún, IS, eré ni, pàápàá èyí tó bá ní F Sport. Orúkọ ilé kan náà, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àtúnṣe tó ń ba nǹkan jẹ́

Àwọn kan máa ń gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀. Ẹ wo físíìsì ẹ̀: bí ìká sípíríǹgì bá dín kù, ṣe ló ń le sí i. Tó bá ní ìká 6, tẹ́ ẹ gé ọ̀kan ààbọ̀, 6 ÷ 4.5 = 1.33. Ó ti fi ìdá mẹ́ta le sí i, àyè tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní láti wọlé sì ti dín kù. Kòtò díẹ̀, irin á kan irin.

Àwọn míì ń fi rọ́bà há àárín ìká sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Ó ga lóòótọ́, kì í fi abẹ́ ho bọ́ńpù mọ́. Ṣùgbọ́n ìká tí rọ́bà há mọ́ kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìká tó ń ṣiṣẹ́ ṣe dín kù. Ìṣirò kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Bushing ni kẹrin wọn, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin ni. Tó bá ti sán, ẹ máa gbọ́ "kọ́, kọ́" nínú kòtò kékeré, ẹ ó sì rò pé ṣọ́ọ̀kì ni. Owó bushing kéré gan-an sí ti ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ olówó gọbọi. Òun ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ fi fóònù yín wọ̀n ọ́n

Phyphox ni áàpù ọ̀fẹ́ tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe. Ó ń lo ohun tó ń mọ mímì nínú fóònù yín. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ lẹ fóònù mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ pinpin, nítòsí ẹsẹ̀ ìjókòó. Kò gbọdọ̀ máa ta. Ẹlòmíì ni kó mójú tó o, kì í ṣe awakọ̀.
2. Ẹ yan ibi kan ṣoṣo ládùúgbò yín, bí igba mítà, kẹ́ ẹ sì gbà á ní eré kan ṣoṣo, ká ní 18.
3. Ẹ lo ìwọ̀n acceleration tó yọ òòfà ilẹ̀ kúrò. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta.
4. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà: atẹ́gùn táyà láti 40 sí iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí bọ́tìnì láti "Sport" sí "Comfort." Ẹ tún un ṣe.
5. Áàpù náà lè fi iye Hz tó pọ̀ jù hàn yín. Ẹ wò ó bóyá ó wà láàárín 4 sí 8, tàbí ó wà nítòsí 1, tàbí ó ju 10 lọ.

Tó bá jẹ́ nítòsí 1 ni ọkọ̀ ti ń jó jù, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ 10 sókè, ẹ wo táyà, ríìmù àti bushing. Tó bá jẹ́ 4 sí 8 láìsí ohun tó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn. Ẹ dín eré kù: lórí kòtò mítà 1, eré 10 máa sọ 5 Hz di bíi 2.8.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀

Ẹ ka nọ́ńbà táyà kẹ́ ẹ tó ka báàjì. Tẹ́ ẹ bá ń gbé inú àdúgbò tí kò ní ọ̀dà, ẹ wá èyí tó wọ ríìmù 16 tàbí 17, tí kò ní suspension sport. Tó bá jẹ́ ríìmù 19 ló wọ̀, ẹ bèèrè bóyá ríìmù kékeré máa gba bíréèkì ẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ sì ṣírò owó ẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Ẹ wà á nínú kòtò, ẹ wà á lórí gálọ́ọ̀pù, kì í ṣe iwájú ilé ẹni tó ń tà á nìkan. Tó bá rọ̀ nínú kòtò, àmọ́ tó ń bá a lọ láti jó lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn bọ́ńpù kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ti lọ. Ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún un.